Sí Àbẹ̀kẹ́, Lórí Abẹ́rẹ́ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Dì

Àbẹ̀kẹ́ mi, Múnírà ọmọ Àṣàkẹ́,

Kú iṣẹ́, kú ìlú onílùú. Ó yẹ kí n fi "kú ojú lọ́nà" kún un, ṣùgbọ́n èmi ni ojú mi wà lọ́nà, kì í ṣe ìwọ. Ara mi le ní Ìlerò níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti là, òrí tí ìyá rẹ ṣe kẹ́yìn ni mo fi ń pa á, mo sì ń ṣọ́ ọ lò. Gèlè rẹ̀ kan ni mo ń wé mọ́rùn láàárọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Bàbá Múnírà ti di ìyàwó. Jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Òórùn rẹ̀ ṣì wà lára gèlè náà díẹ̀, mi ò sì tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́.

Nígbà tí o pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú mi kọ́kọ́ dùn. O ní wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àbújá, ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Mo ti ń wá bàtà mi kí n lọ ròyìn fún àwọn ará ilé. Àfi bí ohùn rẹ ṣe yí padà. O ní ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kòkòrò àìsàn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà ní kí o fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ọwọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹlòmíràn ló bá ọ fún un. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. O wá ní, "Bàbá, èmi ni mo pa Màámi." Kí n tó lanu, o ti pa fóònù. Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e.

Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mí tí a fi ń ṣe òrí ní ẹ̀yìnkùlé wa, tí mo ń kọ̀wé bí ọmọ iléèwé. O mọ̀ pé èmi àti kálàmù kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n o lè pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Lẹ́tà, bí o bá tilẹ̀ jù ú sábẹ́ ibùsùn, yóò dúró dè ọ́ níbẹ̀ ni. Awakọ̀ tó ń kó kaṣú lọ sí Àbújá ló máa bá mi mú un wá.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé o ò sí níbẹ̀. Ẹnu àwọn èèyàn lo ti gbọ́ ọ, ẹnu èèyàn sì pọ̀.

Ẹ̀gẹ́ ni ìyá rẹ ń bó láti fi ṣe láfún. Ọ̀bẹ yọ̀, ó sì gé e ní ìdí àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Ó já ewé imí-eṣú, ó rún un mọ́ ọwọ́, ó fi bo ojú egbò náà, ó fi àkísà dì í. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Èmi ni mo sọ pé, "Ó ti dá, kò sí wàhálà mọ́," nítorí pé bí a ṣe ń sọ ọ́ nílẹ̀ yìí nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, ọgbẹ́ ti parí, kí kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó ti ki ọwọ́ náà bọ inú omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rẹ tẹ́lẹ̀, èyí tó ti kan tó sì ti ń rùn, ó ń fọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mú níbẹ̀ nìyí. Má fi ẹ̀jẹ̀ tó dá ṣe ìdánilójú. Ó yẹ kémi náà ti mọ̀ látìgbà èwe mi. Mi ò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà tí àdá ṣá mi lẹ́sẹ̀ lóko bàbá mi. Mo fi ewé dí i, mo sì kọ ebè mi tán lọ́jọ́ náà, mo ń yan káàkiri kí gbogbo èèyàn lè rí bí mo ṣe jẹ́ ọkùnrin tó. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹsẹ̀ mi ti tó odó. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ń gbin iṣu, èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń lé eṣinṣin. Ohun tó ń pa èèyàn lábẹ́ ọgbẹ́ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan. Nítorí náà, ẹni tó bá dé wọ́ọ̀dù rẹ tó ní ọgbẹ́ òun ti jiná, bá a tú aṣọ rẹ̀, kí o wo abẹ́ rẹ̀.

Ara ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó ń gbọ̀n. A rò pé ibà ni, a lo oògùn ibà. Nígbà tó yá, ó ń mí bí ẹni tó sáré, ó sì ń pe mí ní orúkọ bàbá rẹ̀. Nígbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Ilé ìwòsàn ìlú wa kò jẹ́ kí a jókòó pàápàá, wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Orí itan mi ni orí rẹ̀ wà láti ibí títí dé Ìṣẹ́yìn, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Ìbàdàn. Bí ọkọ̀ bá ti kó sí kòtò, ó máa ń di àgbádá mi mú. Ibi tó dì mú yẹn, mo ṣì máa ń fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí a fi dé ilé ìwòsàn ńlá, orí ìka rẹ̀ ti ń dúdú. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sì ń yọ ní erìgì rẹ̀. Èyí ló rú mi lójú. Làmídì àbúrò mi, tó bá wa lọ, ló bi dókítà léèrè pé kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ kan ń ṣàn tí òmíràn sì dúró nínú èèyàn kan ṣoṣo. Dókítà náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀, kò lé wa. Ó fa àga, ó jókòó tì wá.

Ó ní, "Bàbá, ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú un dì tí a bá fi nǹkan gé ara. Kòkòrò tó wọ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín ti mú kó máa dì níbi tí kò sí ọgbẹ́, nínú àwọn iṣan tín-ín-tín-ín, ní ìka, ní kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé ibẹ̀ mọ́. Ohun tó ń mú un dì sì ti fẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tí erìgì wọn fi ń ṣẹ̀jẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi lọ́nà tèmi. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo ọ̀dọ́ ìlú bá ti lọ síbi ọ̀wẹ̀ kan ṣoṣo. Bí iná ọyẹ́ bá ràn mọ́ oko ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò pa á.

Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ní, "Kì í pa kòkòrò. Oògùn tó ń kán sí wọn lára yìí ló ń bá kòkòrò jà, a ò sì ní dá a dúró. Abẹ́rẹ́ náà kì í tú èyí tó ti dì ká. Ohun tó lè ṣe ni kó má jẹ́ kí òmíràn tún dì. Ó ti ṣe àwọn kan lóore. Àwọn mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ti ara wọn jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwa dókítà fúnra wa kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó yẹ kó gbà á àti ẹni tí kò yẹ. Tí ẹ bá gbà, díẹ̀ ni a máa fún wọn, a ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, a ó sì dá a dúró tí a bá rí ewu. Mi ò lè búra fún yín."

Làmídì fò dìde. "Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ tún fẹ́ la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀! Ilé wa, a máa ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ni." Má bínú sí i. Òun náà ń sọ ohun tí ilẹ̀ wa kọ́ ọ ni.

Èmi ni mo ní kí a pè ọ́ ní Mínà níbi tí o ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Etí mi kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, mo bá tan ohùn fóònù sókè, mo gbé e sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ìyá rẹ. Ìwọ àti dókítà sọ èdè yín fún ìgbà díẹ̀. O béèrè nípa ìka rẹ̀, o béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde náà pọ̀. O wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fún Màámi." Mo sì gbà.

Wọ́n fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dúdú ìka rẹ̀ kò tàn kọjá ibi tó dé. Ó lajú. Ó pè mí ní orúkọ mi, kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Ó béèrè bóyá mo ti jẹun, ó sì bá mi jà pé mo wọ aṣọ kan náà láti Ìlerò. Gbogbo ọjọ́ náà ni a fi sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì rẹ̀, erìgì rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Dókítà dá abẹ́rẹ́ náà dúró lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, èémí rẹ̀ ń kúrú. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ó lọ. Ìwọ ṣì wà lójú ọ̀nà. Ojú oorì lo bá wa.

Àbẹ̀kẹ́, ṣé abẹ́rẹ́ náà ló fún wa ní ọjọ́ tí a fi sọ̀rọ̀ yẹn? Mi ò mọ̀. Ṣé òun ló mú kí ẹ̀jẹ̀ náà padà wá? Mi ò mọ̀. Ṣé kòkòrò náà ì bá ti mú un lọ lọ́jọ́ tí a débẹ̀? Mo bi dókítà. Òun náà ní òun kò mọ̀. Ìwọ nìkan ṣoṣo ni o ní o mọ̀, láti Mínà, láìrí i. Níbo lo ti rí ìmọ̀ yẹn?

Kí n sọ ìtàn kan fún ọ tí ìyá rẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi. Kí n tó fẹ́ ẹ, mo bá awakọ̀ kan ṣiṣẹ́, à ń kó iṣu láti Ṣakí lọ sí apá ẹnu ibodè. Òjò ba ọ̀nà jẹ́ lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi ní ta ló mọ ọ̀nà oko tó gba ẹ̀bá odò Òfìkì. Èmi tí mi ò débẹ̀ rí, mo ní mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé mi ò mọ̀. Ọkọ̀ rì sínú ẹrẹ̀, a kó iṣu sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀yìn mi fi fẹ́ kán, ìdajì rẹ̀ sì rà. Ọ̀gá mi kò nà mí. Ó kàn ń pè mí ní Mọ̀ọ́n-bí-ẹni-mowó níwájú àwọn oníbàárà títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ọmọ mi. Bí àgbẹ̀ kan bá jókòó tì ọ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn tó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé oògùn yìí máa wò ó sàn?" má fi ìtìjú purọ́ fún un. Sọ ohun tó lè ṣe, sọ ohun tí kò lè ṣe, sọ ewu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, jókòó tì í díẹ̀. Nígbà tí dókítà yẹn sọ pé òun kò lè búra, ìgbà yẹn ni ọkàn mi balẹ̀ lé e lórí.

Tí o bá sì ti fún wọn, máa ṣọ́ wọn. Wo erìgì, wo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé, wo ìtọ̀, wo ìgbẹ́. Mo mọ̀ pé mò ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ, fi orí jì mí. Mo rí i bí àwọn nọ́ọ̀sì Ìbàdàn ṣe ń wo ìyá rẹ, mo sì máa ń rò ó pé bí ọmọ mi náà ṣe ń wo ìyá ẹlòmíràn nìyẹn. Ohun tó mú mi dúró nínú yàrá yẹn nìyẹn. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò burú. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n rárá ni mo ń bẹ̀rù. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ti Làmídì wàyí. Mo mọ̀ pé o gbọ́ ohun tó sọ níbi ìsìnkú, pé abẹ́rẹ́ tí Múnírà ní kí wọ́n fún ìyá rẹ̀ ló pa á. Ẹyin ni ohùn, ó ti já bọ́, ó sì ti fọ́. Ìyá rẹ ló tọ́ Làmídì dàgbà, orí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti mọ ọ̀nà oko. Ó ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi náà rù, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Ní báyìí, ó máa ń wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà wa, á béèrè ìgbà tí o máa wálé bí ẹni pé kò tilẹ̀ fẹ́ mọ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì. Ìdílé wa ni, kì í ṣe òun nìkan.

Èyí ni mo fẹ́ kí o gbọ́ jù. Lọ́dún tí mo fẹ́ ìyá rẹ, mo sọ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀. Ó dá mi lóhùn pé ahọ́n mi ni kò níyọ̀. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo bínú lọ sí ahéré, mo ní mi ò ní wálé mọ́, mo ń jẹ iṣu sísun láìsí epo, mo ń retí kí ìbànújẹ́ pa á. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà oko pẹ̀lú igbá lórí. Kò bẹ̀ mí, kò bú mi. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ dìde ká lọ sílé. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ bínú, ẹ wá máa bínú nílé, kí n lè máa rí yín."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún ìwọ náà. Tí o bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, fi í sílẹ̀, mi ò ní bínú. Ilẹ̀ wà, kaṣú wà. Ṣùgbọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ nítorí ìyá rẹ. Tí o bá sì fẹ́ sunkún, wá máa sunkún nílé, kí n lè máa rí ọ. Àárò rẹ ń sọ mí. Ti ìyá rẹ ń sọ mí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òun, mo mọ̀ pé kò lè wá. Ìwọ lè wá. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ìyá rẹ fi rán mi sí ọ lọ́jọ́ tó lajú yẹn. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ lórí fóònù, ojúkojú ni, nítorí pé o máa ń fi fóònù sá fún ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn tí èrò bá tú ká níbi ìsìnkú, ṣùgbọ́n kí n tó ti ìrun àsùbáà dé, o ti wọ ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dúró de ẹsẹ̀ rẹ. Mo ti gbọ́ràn sí obìnrin yẹn lẹ́nu láti ọjọ́ iṣu sísun yẹn. Jẹ́ kí n ṣe orí kunkun sí i lẹ́ẹ̀kan yìí.

Mo sọ fún un pé wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ kan, pé ìwọ lo ní kí wọ́n fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní:

"Bàbá Múní, mo gbọ́ yín. Ẹ̀yin àti ọmọ yín ń sọ̀rọ̀ lórí mi bí ẹni pé mo ti lọ. Nígbà tó ní kí wọ́n fún mi, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó wò mí. Ẹ sọ fún un pé èmi fúnra mi ni mo gbà."

Bàbá rẹ ni,
ní Ìlerò.